Kaplan mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n kan: báwo la ṣe ń ka ẹ̀ka òwò Graham Holdings?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ máa ń ka ìwé ìṣirò owó. Mo ń wo ìwé ọdọọdún Graham Holdings, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Washington Post Company tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pe ara wọn ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àti ìròyìn, èmi sì retí pé màá rí ìlà méjì: ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀, ìròyìn lọ́tọ̀. Ẹ̀ka méje ni mo bá! Kaplan, òwò ẹ̀kọ́ wọn, nìkan gba mẹ́ta. Tẹlifíṣọ̀n gba ọ̀kan. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe pákó àti irin wà níbẹ̀, ìtọ́jú aláìsàn wà níbẹ̀, ọkọ̀ títà wà níbẹ̀, wọ́n tún wá da gbogbo ìyókù jọ, wọ́n pè é ní "òwò mìíràn". Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọgbọ́n àrékérekè ni, pé wọ́n ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí ojú má baà rí ibi tó ti ń jò. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló tiẹ̀ ń pinnu iye ẹ̀ka?

* * *

Ọ̀rẹ́ yín gbé e sódì. Ẹni tó bá fẹ́ fi òfò pamọ́ kì í fọ́ ìṣirò sí wẹ́wẹ́. Ṣe ló máa ń dà á pọ̀ mọ́ èrè kí àpapọ̀ rẹ̀ lè dùn ún wò. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òwò ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi, tó wá kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ pé "ẹ̀kọ́", òun gan-an ni kí ẹ fura sí.

Ní ti ẹni tó ń pinnu, òfin ìṣirò sọ pé bí ọ̀gá àgbà ṣe ń wo òwò náà nínú ilé ni kí wọ́n fi hàn wá níta. Oṣù kẹfà ọdún 1997 ni FASB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin ìṣirò ní Amẹ́ríkà, gbé e jáde nínú SFAS 131. Inú ASC 280 ló wà báyìí. Èyí tí wọ́n ń lò kó tó dé, SFAS 14 ti ọdún 1976, ní kí wọ́n pín in ní irú òwò àti ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ràgàjì á kàn ní "irú òwò kan ṣoṣo là ń ṣe", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ìṣirò wò fún àwọn olùdókòwò pariwo títí, ni wọ́n bá yí i padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá dojú kọ àtẹ yẹn, ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: ìwé wo ló ń dé ọwọ́ ọ̀gá àgbà nígbà tó bá fẹ́ pín owó? Bí ti Kaplan International, apá òkèèrè Kaplan, bá ń dé lọ́tọ̀, tí ẹnìkan sì wà tó ń jíhìn fún un lọ́tọ̀, ẹ̀ka òwò nìyẹn. Ó ku kí wọ́n wọ̀n ọ́n bóyá ó tó ohun tí à ń dá kọ.

* * *

Ẹnìkan ti dá mi lóhùn pé: "Ìyẹn ni pé ohun tó bá wu ọ̀gá ló ń kọ. Kí wá ni ìwúlò òfin?"

Rárá o. Òṣùwọ̀n wà. Ẹ̀ka tí owó tó ń wọlé fún un bá tó ìdá 10 nínú 100 ti gbogbo ẹ̀ka lápapọ̀, títí kan ohun tí wọ́n ń tà fún ara wọn nínú ilé, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a kọ. Bí dúkìá rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí tó máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni ti èrè àti òfò, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ẹ̀ka márùn-ún. Mẹ́ta jèrè: 60, 32 àti 8. Méjì pàdánù: 40 àti 15. Ẹ ro àwọn tó jèrè pọ̀, 100 ni. Ẹ ro àwọn tó pàdánù pọ̀, 55 ni. Èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì la ó mú, ìyẹn 100, ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ẹ̀ka tó pàdánù 15 ti kọjá 10, kò ríbi sá sí mọ́. Èyí tó jèrè 8 ló ṣeé ṣe kó bọ́ sínú "òwò mìíràn", bí owó tó ń wọlé fún un àti dúkìá rẹ̀ náà kò bá mú un. Wọn kì í kọ́kọ́ fi òfò yọ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ pé ó rọrùn láti fi òfò pamọ́ ti ń ṣìnà.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹ̀ka tí wọ́n dá kọ gbọ́dọ̀ kó ìdá 75 nínú 100 owó tó ń wọlé láti ọwọ́ oníbàárà ìta. Bí kò bá tó, kí wọ́n fa ẹ̀ka mìíràn kún un, ì báà kéré. Bó bá wá ń kọjá mẹ́wàá, òfin ní kí wọ́n rò ó wò bóyá kò ti pọ̀ jù.

Àjọ SEC tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò níbẹ̀ kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n lè kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ pé kó kó irú ìwé tí ọ̀gá àgbà ń kà wá kí àwọn rí i. Bí ohun tó wà nínú ìwé yẹn bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tẹ̀ fún gbogbo ayé, wàhálà dé nìyẹn.

Àwíjàre tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé bí àwọn bá tú ẹ̀ka àwọn síta, àwọn tí àwọn jọ ń dù ọjà á rí àṣírí àwọn. FASB gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń ṣe SFAS 131, wọn ò sì tìtorí rẹ̀ yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

* * *

"Ṣùgbọ́n Kaplan, Kaplan ni. Orúkọ kan, olówó kan. Kí ló dé tí wọ́n fi pín in sí mẹ́ta?"

Ibí yìí ni ìjíròrò wa ti gbóná jù. Ohun tí mo rí ni pé apá kan ní kí wọ́n dà á pọ̀ nítorí pé orúkọ kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wọn. Apá kejì ní iṣẹ́ wọn kò jọra. Ẹ̀yìn apá kejì ni mo wà, mo sì fẹ́ fi ohun tó wà nínú òfin gbè é.

Òfin gbà kí wọ́n da ẹ̀ka méjì pọ̀, àmọ́ ó ní láti jẹ́ pé bí èrè wọn ṣe ń rìn jọra fún ìgbà pípẹ́, pé irú ọjà wọn jọra, bí wọ́n ṣe ń ṣe é jọra, irú oníbàárà wọn jọra, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tà á jọra, òfin ìjọba tó ń darí wọn náà sì jọra. Ẹ wá gbé Kaplan sórí òṣùwọ̀n yẹn.

Ọdún 1984 ni Washington Post Company ra Kaplan. Iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò ni Kaplan ń ṣe nígbà náà: akẹ́kọ̀ọ́ á mú owó jáde lápò, wọ́n á kọ́ ọ, á lọ ṣe ìdánwò rẹ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n ra Quest Education, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà wọnú iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì gidi. Owó ilé-ìwé ibẹ̀ kì í ti àpò akẹ́kọ̀ọ́ wá tààrà, ẹ̀yáwó àti ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin sì ti dè é: láti 1998, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún èrè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó ìrànwọ́ yẹn kọjá ìdá 90 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un. Ìdá 85 ni òfin fi í sí tẹ́lẹ̀, ní 1992. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá kọjá ààlà yẹn, ó lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó náà pátápátá. Kaplan International ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di akáǹtáǹtì ní Ìlú Ọba, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Singapore àti Ọsirélíà, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ní ohun tí wọ́n á fi wọ yunifásítì. Òfin 90 yẹn kò kan èyí rárá.

Mẹ́ta yìí, èwo nínú wọn lẹ fẹ́ dà pọ̀ mọ́ èwo?

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 2010. Ìjọba Amẹ́ríkà fojú sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún èrè lára, iye àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì já wálẹ̀, Kaplan ò yọ sílẹ̀. Ọdún yẹn lọ́hùn-ún, Kaplan ló ń mú èyí tó ju ìdajì owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà wá. Bí wọ́n bá ti kọ "ẹ̀kọ́" sí ojú kan, iṣẹ́ òkèèrè tó ń lọ déédéé ì bá bo yunifásítì tó ń ṣubú mọ́lẹ̀. Àtẹ tí wọ́n pín yẹn ló jẹ́ kí olùdókòwò rí ọgbẹ́ náà níbi tó wà.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú sí ẹni tó ní Kaplan Higher Education, apá yunifásítì Kaplan, "kàn kú lójijì" ní 2018. Kò kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló yí padà, orúkọ ò yí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n gbé Kaplan University fún Purdue, yunifásítì ìjọba ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní dọ́là kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni, $1. Ó di Purdue University Global. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, gbogbo owó ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá san, owó Kaplan ni, orí ìlà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ka náà ló ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, owó ilé-ìwé di ti Purdue Global. Kaplan wá di ẹni tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé: kọ̀ǹpútà, ìpolówó, ìgbaniwọlé, ìṣirò owó ìrànwọ́. Wọ́n ń dá owó tí Kaplan ná padà fún un, ó sì tún ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ tó jẹ́ ìdá 12.5 nínú 100 owó tó ń wọlé fún Purdue Global.

Ẹ má tíì ṣe ìṣirò yẹn parí o. Owó iṣẹ́ yìí ní ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Yunifásítì náà á kọ́kọ́ bójú tó ìnáwó tirẹ̀, Purdue sì ní $10 mílíọ̀nù tirẹ̀ lọ́dún fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ìgbà tí owó bá ṣẹ́ kù ló tó kan Kaplan. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ní ìparí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún un gbé yẹ̀wò, kí wọ́n tó mọ èyí tí wọ́n lè kọ sílẹ̀ bí owó tó wọlé.

Ẹ wá rí i báyìí. Ẹni tó bá fa ìlà láti 2017 lọ sí 2019 lábẹ́ orúkọ "Kaplan Higher Education", tó ní òwò náà dín kù tó báyìí, yunifásítì kan àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yìn ilé ló fi wé ara wọn. Ọdún 2018 gan-an jẹ́ àmúlùmálà: owó ilé-ìwé fún bí oṣù mẹ́ta, owó iṣẹ́ fún ìyókù. Èmi a máa fò ó kọjá bí mo bá ń wo bí èrè ṣe ń rìn, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 2019.

* * *

Ìbéèrè tó kàn ló dùn mọ́ mi jù: "Mo ro èrè àwọn ẹ̀ka Kaplan pọ̀, kò bá àpapọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ mu. Ta ló jí owó?"

Kò sẹ́ni tó jí i. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ nínú àtẹ náà. Lábẹ́ àwọn ẹ̀ka yẹn, ìlà kan wà fún orí-ilé (ọ́fíìsì àgbà) Kaplan fúnra rẹ̀ àti àwọn nǹkan tí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka kankan. Ìlà mìíràn wà fún ohun tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò nítorí pé inú ilé ni wọ́n ti ta á fún ara wọn. Nǹkan mìíràn tún wà: bí ilé-iṣẹ́ bá ra ilé-iṣẹ́ mìíràn, lára owó tó san fún orúkọ rẹ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú èrè lọ́dọọdún. Graham Holdings máa ń fi èrè ẹ̀ka hàn kó tó yọ ìyẹn, á tún fi hàn kó tó yọ àdánù tó bá dé nígbà tí ohun tí wọ́n rà kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń yọ wọ́n ní ìlà tiwọn. Ní òkè pátápátá, orí-ilé Graham Holdings náà ní ìnáwó tirẹ̀ tí wọn kì í pín fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń rí nínú ìjíròrò bí irú èyí ni pé àwọn èèyàn á mú èrè ẹ̀ka tó dára jù lọ, wọ́n á sọ ọ́ di pupọ̀ pẹ̀lú iye kan, wọ́n á ní "iye tí Kaplan tó nìyí." Wọ́n ti gbàgbé pé orí-ilé ń jẹun. Ẹ yọ owó orí-ilé kúrò kí ẹ tó sọ iye.

Mo ti ṣiṣẹ́ ìṣirò rí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ní ìtẹ̀wé, tó sì ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìtẹ̀wé ló ń tẹ ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lò. Èló ni kó tà á fún wọn? Olórí ìtẹ̀wé fẹ́ iye ọjà ìta. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ ní iye tó ná wọn ni kí wọ́n gbà, ìdílé kan ṣáà ni wá. Owó kan náà ni, àpò ọ̀tún sí àpò òsì, àpapọ̀ ilé-iṣẹ́ ò ní fi kọ́bọ̀ pọ̀ sí i, kò sì ní dín. Ṣùgbọ́n owó àjẹmọ́nú olórí kọ̀ọ̀kan sinmi lórí èrè ẹ̀ka tirẹ̀, nítorí náà ìpàdé yẹn gbóná ju ti owó orí lọ. Nígbà tí ọ̀gá wa bá ilé-ẹ̀kọ́ gbè, ìtẹ̀wé "pàdánù" lọ́dún náà. Oníròyìn ìdókòwò kan sì kọ ọ́ pé òwò ìtẹ̀wé wa ń kú lọ. Ẹ̀rọ ò tiẹ̀ sinmi lọ́dún yẹn, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń tẹ ìwé.

Òfin ò sọ pé báyìí ni kí wọ́n ṣe pín ìnáwó àjùmọ̀lò. Ó kàn ní kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n gbà pín in. Àlàyé yẹn kì í ju ìpínrọ̀ kan lọ, lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ ọ́. Ẹ kà á.

* * *

Tẹlifíṣọ̀n: ẹ̀ka yìí ò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n méje ni Graham Media Group ní, ní Houston, Detroit, San Antonio, Orlando, Roanoke, àti méjì ní Jacksonville. Owó ìpolówó àti owó tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n aláwáyà àti ti sátẹ́láìtì ń san kí wọ́n lè gbé ìkànnì wọn ló ń wọlé.

Ẹni tó ní "èrè wọn já lọ́dún 2023, òwò tẹlifíṣọ̀n ti tán", ẹ ṣe sùúrù. Ọdún ìdìbò ní Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ 2020, 2022, 2024. Owó àwọn olóṣèlú á ya wọlé, ọdún kejì á gbẹ. Ẹ fi 2024 wé 2022 tàbí 2020, ẹ má fi wé 2023. Eré Òlíńpíìkì náà ń fi kún un lọ́dọ̀ àwọn tó bá ń gbé NBC, ìkànnì tó ń fi eré náà hàn. Pé wíwo tẹlifíṣọ̀n ń dín kù lóòótọ́, mi ò jiyàn. Pé ọdún tí kò sí ìdìbò ni ẹ fi ń rí i, ìyẹn ni mo ń jà sí.

* * *

Ó yẹ ká padà sí "òwò mìíràn", nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ní ẹ̀tọ́ díẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Slate, ìkànnì ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, wà nínú rẹ̀. Foreign Policy tó ń kọ nípa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ Clyde's tí wọ́n rà ní 2019 wà nínú rẹ̀. Framebridge tó ń fi férémù sí àwòrán, 2020. Leaf Group, ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, 2021. Ẹ rí i pé ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí "ìròyìn" ń mú wá, tó sì mú ìlà tẹlifíṣọ̀n nìkan, ó ti fi Slate àti Foreign Policy sílẹ̀ sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn alásè. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè yọ wọ́n jáde níbẹ̀ bó ti wù ú, torí èrè wọn kì í dá dúró nínú àtẹ. Àlàyé tí àwọn ọ̀gá máa ń kọ síwájú nínú ìwé ọdọọdún ló máa ń dárúkọ èyí tó ń ṣe dáadáa àti èyí tó ń pàdánù, láìsí nọ́ńbà fún gbogbo wọn.

Lójú tèmi, èyí ló yẹ ká máa bínú sí, a fi í sílẹ̀, a ń bá Kaplan jà. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwò tó ń pàdánù, tí òfò rẹ̀ kò tó òṣùwọ̀n, lè jókòó sínú àwo yìí fún ọdún gbọọrọ, òfin ò sì ní sọ pé kó jáde. Ẹnìkan nínú yín ní òfin ti yẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò gbà pátápátá: bí gbogbo ilé oúnjẹ àti gbogbo férémù bá fẹ́ dá ní àtẹ tirẹ̀, ìwé náà á di ìwé tẹlifóònù. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n kọ òfò ẹ̀ka tó ń pàdánù jù nínú àwo náà ní gbólóhùn kan.

* * *

"Níbo ni ìwé ìròyìn Washington Post fúnra rẹ̀ wà? Mo wá a nínú àtẹ, mi ò rí i."

Wọ́n ti tà á. Oṣù kẹwàá 2013 ló bọ́ sọ́wọ́ Jeff Bezos, ní $250 mílíọ̀nù. Oṣù kọkànlá ni ilé-iṣẹ́ yí orúkọ sí Graham Holdings. Newsweek, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọn, ti lọ ṣáájú, 2010, fún Sidney Harman, òun náà ní $1 pẹ̀lú gbèsè rẹ̀. Ilé tẹlifíṣọ̀n Miami lọ sọ́dọ̀ Berkshire Hathaway ní 2014. Cable ONE, òwò tẹlifíṣọ̀n aláwáyà wọn, dá dúró ní oṣù keje 2015, wọ́n pín ìpín rẹ̀ fún àwọn onípìn-ín.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá gbé òwò ńlá bẹ́ẹ̀ kúrò, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ẹ̀ka, wọ́n á kó o sí ìlà kan lábẹ́, ìlà àwọn òwò tí wọ́n ti fi sílẹ̀, wọ́n á sì tún ọdún àtijọ́ kọ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Nítorí náà, nọ́ńbà 2012 tó wà nínú ìwé 2012 àti nọ́ńbà 2012 tó wà nínú ìwé 2013 kò ní bára mu, kò sì sí ẹni tó parọ́. Ìwé tuntun ni kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ fa ìlà gígùn. Bí wọ́n bá tún àwọn ẹ̀ka tò, àṣẹ kan náà ni: kí wọ́n tún ti àtijọ́ tò bá tuntun mu.

Àbúrò tó béèrè bóyá ẹ̀kọ́ ni tàbí ìròyìn: ní báyìí, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Hoover tó ń fi oògùn sí pákó kí iná má baà tètè mú un, 2017 ni wọ́n rà á. Ọkọ̀ títà dé ní 2019. Ìwé ìròyìn ló bí ilé-iṣẹ́ yìí, kò sì sí ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan nínú ẹ̀ka rẹ̀ mọ́.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ti ọdún 2024 lọ síwájú, ẹ ó rí ohun tuntun. Oṣù kọkànlá 2023 ni FASB fi kún òfin náà. Tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí owó tó wọlé, ẹ ó rí èrè, àárín wọn ṣókùnkùn. Báyìí, ìnáwó pàtàkì tí ọ̀gá àgbà tó ń pinnu máa ń rí déédéé fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ipò tí ọ̀gá náà dì mú. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka kan ṣoṣo náà kò yọ sílẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ tó ní ilé-ẹ̀kọ́, èrè ńlá ni fún ẹni tó ń kà á: tí owó oṣù olùkọ́ tàbí ti ìpolówó bá wà lára ohun tí ọ̀gá ń wò, ẹ ó rí i.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ti ẹni tó fẹ́ fi Kaplan wé Pearson, ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ti Ìlú Ọba.

Òfin tí Pearson ń tẹ̀ lé ni IFRS 8, òfin ìṣirò àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, ara SFAS 131 ni wọ́n sì ti gé e. Ojú ọ̀gá náà ló ń lò. Ìyẹn gan-an ni ìfiwéra fi le. Pearson ń pín ara rẹ̀ ní agbègbè ayé tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ta Financial Times fún Nikkei ní 2015 ní £844 mílíọ̀nù, tí wọ́n tún ta ìdajì tí wọ́n ní nínú Economist lọ́dún kan náà, wọ́n wá yí i padà ní 2021 sí irú iṣẹ́: ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ìṣirò èrè tí wọ́n ń lò fún ẹ̀ka, àtúnṣe tiwọn ni; ti Graham Holdings, tiwọn ni. Òfin méjèèjì ò sọ pé èrè ẹ̀ka gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà níbi gbogbo.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ fi wọ́n wéra, owó tó ń wọlé ni kí ẹ lò, kì í ṣe èrè. Ẹ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì Pearson wé apá èdè Gẹ̀ẹ́sì inú Kaplan International, bí ẹ bá lè rí i yọ nínú àlàyé wọn. Ẹ má fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pearson wé Kaplan Higher Education rárá: ìwé kíkà fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀kan ń tà, èkejì ń bá yunifásítì, pàápàá Purdue Global, ṣiṣẹ́ ẹ̀yìn ilé.